Koríko Tí Ewúrẹ́ Bá Jẹ, Iná Ò Rí I Jó: Lẹ́tà sí Àwọn Ará Òkè-Ògùn

Oakland, Kalifóníà
Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ṣakí, ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, ará Òkèhò, ará Ìgbòho, ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, àti gbogbo Òkè-Ògùn lápapọ̀,

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń retí owó, ẹ ní sùúrù, ọ̀rọ̀ owó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Ara mi le. Iṣẹ́ òru tí mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbójú sókè wo ẹ̀gbẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn ilé àwọn olówó, mo sì rí ewúrẹ́ tó tó igba. Mo ní ó parí fún ẹni tó ni wọ́n. Ẹ mọ bó ṣe ń rí nílé: ewúrẹ́ tó bá jẹ iṣu oníṣu, ẹjọ́ dé nìyẹn, bí wọ́n bá sì ti ṣá a ládàá kí ẹni tó ni ín tó dé, ẹjọ́ di méjì. Mo dúró kí n wo bí wọ́n ṣe máa lé wọn. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Obìnrin kan tó ń sáré ìdárayá tiẹ̀ dúró, ó ya fọ́tò wọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo sún mọ́ wọn. Ohun kan tó rí bí àwọ̀n apẹja ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí wọn ká, iná mànàmáná láti ara sólà kékeré kan sì ń sáré nínú rẹ̀. Ajá funfun ńlá kan dùbúlẹ̀ láàárín wọn; àgùntàn ni mo pè é títí tó fi gbó. Lẹ́bàá ọ̀nà, yàrá kékeré kan wà tó ní táyà lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ ni darandaran wọn ń sùn. Ọmọ Perú ni. Àwọn ará Perú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bá wọn da ẹran ní Kalifóníà, ìwé àṣẹ iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni wọ́n fi ń wọlé. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò tó tèmi, tèmi náà kò sì tíì tó nǹkan nígbà yẹn. Ó nawọ́ sí koríko, ó ṣe bí ẹni ń ṣáná. Ó nawọ́ sí ewúrẹ́, ó fọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tó jẹun yó. Ó yé mi ju kí ó ṣàlàyé lọ.

Owó ni wọ́n ń san fún ẹni tó ni àwọn ewúrẹ́ náà. Ẹ tún un kà: kì í ṣe òun ló ń sanwó oko jíjẹ, òun ni wọ́n ń sanwó fún. Àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìgbafẹ́ agbègbè yìí, East Bay Regional Park District, ń lo ewúrẹ́, ó ń lo àgùntàn, ó ń lo màlúù pẹ̀lú, kí koríko orí òkè má baà di oúnjẹ iná.

Ìyá àgbà kan wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú, ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá àádọ́rùn-ún. Bí mo bá sọ fún un pé mo rí àwọn ewúrẹ́ lọ́nà, a béèrè àlàáfíà wọn bí ẹni ń béèrè ọmọ ọmọ. Ilé rẹ̀ jó lórí òkè yẹn lọ́dún 1991. Iná kékeré kan ló ràn mọ́ koríko lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá. Àwọn panápaná bomi pa á, wọ́n gbà pé ó ti kú. Kò kú. Ó lúgọ sábẹ́ eérú. Lọ́jọ́ kejì, atẹ́gùn gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, iná sì dìde. Èèyàn 25 ló bá a lọ, ilé tó jó lé ní 3,000. Ìyá náà ní ológbò òun àti bàtà ẹsẹ̀ kan lòun mú jáde, òun ò sì mọ ìdí tí òun fi mú bàtà náà.

Atẹ́gùn yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọyẹ́ ni. Diablo ni wọ́n ń pè é níbí, orúkọ tí àwọn oníwàásù wa yóò túmọ̀ sí Èṣù, kí Èṣù ó dárí jì wọ́n. Àárín ilẹ̀ ló ti ń bọ̀, etí òkun ló ń lọ, ó ń bó ètè, ó ń mú gìgísẹ̀ sán, ó sì ń sọ koríko di ìṣáná. Ìgbà òjò ni kò bára mu. Níbí, inú òtútù ni òjò ń rọ̀. Bó bá di oṣù Karùn-ún, koríko orí òkè ti pọ́n bí awọ kìnnìún, kò sì ní rí omi mọ́ títí di ìgbà tí ẹ̀yin ń kórè. Tiwa ní Òkè-Ògùn, ìparí oṣù Kẹwàá ni òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ní báyìí tí mò ń kọ̀wé, koríko yín ṣì tutù. Ìdí tí mo fi ń kánjú nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bàbá mi mọ oko kájú rẹ̀ lọ́nà Àgọ́-Àmọ́dù. Ọmọ ọdún 19 ni mí lọ́jọ́ tó jó. Oṣù Kejì ni, kájú ti ń pọ́n, àwọn ọmọdé ti ń ṣà á. A jókòó lábẹ́ igi èmì, à ń jẹ̀kọ, ni mo bá gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí òjò ńlá bá ń bọ̀ lórí páànù. Mo wo ojú ọ̀run. Ojú ọ̀run mọ́. Àwòdì ni mo rí, bíi mẹ́wàá, bíi ogún, wọ́n ń yí lókè, wọ́n ń já wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé tata tó ń sá fún iná. Kí a tó ya ẹ̀ka tútù tí a ó fi lù ú, ó ti wọ abẹ́ kájú. Ẹni tí kò bá gbóòórùn kájú tó ń jó rí kò lè mọ̀: òróró inú èèpo rẹ̀ a máa ta sí ojú, a máa ta sí ọ̀fun, èéfín rẹ̀ á dúdú bí ti táyà. Igi 180. Kò tó wákàtí kan tó fi tán.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ọdẹ tó ń lé ọ̀yà ló finá sí pápá. Àwọn kan ní Fúlàní ni, pé wọ́n ń wá koríko tútù fún màlúù. Àwọn mìíràn dárúkọ àwọn tó ń sun èédú. Wọ́n yí sí bàbá mi pé kó sọ ẹni tó fura sí, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ààfin. Bàbá mi jókòó lórí ebè, ó ń fi ọ̀pá tú eérú. Ó ní, "Ẹ yé bi mí pé ta ló ṣáná. Ẹ bi mí pé ta ló tọ́jú koríko dè é. Èmi ni." Owó alágbàṣe ti wọ́n ní oṣù Kọkànlá tó ṣáájú, kò sì rí ẹ̀bá oko ro.

Ìbànújẹ́ ni mo pe ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọgbọ́n ni. Ẹni tó máa ṣáná kò lè wọ́n láyé. Bí kì í bá ṣe ọdẹ, á jẹ́ ẹni tó mu sìgá lórí ọ̀kadà. Bí kì í bá ṣe onísìgá, á jẹ́ ẹni tó ń fi èéfín lé oyin. Níbí, ó lè jẹ́ wáyà. Wáyà iná mànàmáná ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó jó ìlú Paradise lọ́jọ́ 8 oṣù Kọkànlá 2018, èèyàn 85 ló sì kú. Ẹ̀ẹ̀melòó ni a ó fi ìṣáná pamọ́? Oúnjẹ iná ni ọwọ́ wa lè tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ewúrẹ́ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Kò lè pa iná. Ó kàn ń sọ ọ́ di kékeré ni. Àwọn panápaná ní òṣùwọ̀n kan: bí ahọ́n iná kò bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4, èèyàn lè dojú kọ ọ́ pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, bó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí oníkálukú wá ọ̀nà. Koríko kúkurú, iná kúkurú. Ewúrẹ́ tún ń ṣe ohun tí màlúù kì í ṣe: a nàró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, a fi ti iwájú ti igi, a sì jẹ àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Àwọn ẹ̀ka wọ̀nyẹn ni àkàbà tí iná fi ń gun orí igi. Màlúù ní agbára tirẹ̀, koríko ni í gé. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ ní Kalifóníà pé koríko tí màlúù jẹ níbẹ̀ lọ́dún 2017 tó bílíọ̀nù 11.6 pọ́ùn, ìyẹn nǹkan bí 600 pọ́ùn lórí éékà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n jẹ̀ dé. Ó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún lọ. Ẹ fojú inú wo koríko gbígbẹ tó wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún lórí éékà kan, kí ẹ wá ronú pé kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí iná dé.

Ní Simi Valley, lápá Los Angeles, wọ́n kó ewúrẹ́ 500 wá ní oṣù Karùn-ún 2019 kí wọ́n jẹ ìgbẹ́ tó yí ilé ìkówèésí Ààrẹ àná Ronald Reagan ká. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún náà, iná jó dé ibẹ̀. Ilé ìkówèésí kò jó, àwọn tó ń bójú tó o sì sọ pé panápaná kan sọ fún wọn pé ibi tí ewúrẹ́ ti jẹ mọ́lẹ̀ ló ran àwọn lọ́wọ́. Mo sọ èyí fún yín, ṣùgbọ́n mi ò ní bò yín lójú: bí atẹ́gùn bá fẹ́ bó ṣe fẹ́ ní Los Angeles ní oṣù Kínní 2025, tí ilé oríṣiríṣi tó ju 16,000 lọ jó, ewúrẹ́ ò ní rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé iṣẹ́ kíkó koríko kúrò níwájú iná yìí kò ṣàjèjì sí wa, orúkọ mìíràn ni a fi ń pè é. Kí páànù tó dé, bẹẹrẹ ni a fi ń bo ilé. Ọdún ńlá ni ọdún Bẹẹrẹ lÓyọ̀ọ́ nígbà náà. Àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin a máa di koríko náà, wọ́n a máa rù ú wá láti fi bo ààfin. Ẹ ronú bí ìdì bẹẹrẹ tí ìlú kan ṣoṣo bíi Ṣakí ń gé láyé ijọ́un á ti pọ̀ tó, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo òrùlé ló ń fẹ́ ẹ, gbogbo òrùlé ló sì ń gbó. Páànù dé, a dúpẹ́, ilé ò jò mọ́. Ṣùgbọ́n bẹẹrẹ kò gbọ́ pé páànù dé. Ó ń hù bó ṣe ń hù. Iná ló jogún rẹ̀.

Ẹnìkan á ní, ṣé kí a má sun ìgbẹ́ mọ́ ni? Ibi tí ìdáhùn wà kò jìnnà sí wa. Ní Olókemejì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn onímọ̀ igbó gé igi ilẹ̀ kan kúrò lọ́dún 1929, wọ́n sì pín in sí mẹ́ta. Wọ́n ń sun apá kan lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi díẹ̀ ṣì wà lára koríko. Wọ́n ń sun èkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tó ti gbẹ kanrin. Wọn ò jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta rárá. Ẹ̀kẹta di igbó. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn di pápá, igi díẹ̀ ló kù níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tètè sun bọ́ sí àárín, igi ń dàgbà, koríko náà sì wà. Ilẹ̀ kan náà, iná kan náà. Oṣù tí wọ́n ṣáná ni kò dọ́gba. Iná tó jó oko bàbá mi, ti oṣù Kejì ni.

Oṣù náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹran dá lé. Eèrùwà tó ti ga ju orí èèyàn lọ, tó ti so, tó ti gbẹ, màlúù ò fẹ́ ẹ. Pòròpórò lásán ni lẹ́nu rẹ̀. Ìdí tí darandaran fi ń finá sí i nìyẹn. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà láàyè nínú ilẹ̀. Bí èyí tó gbẹ bá ti jó tán, èéhù tútù á yọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òjò ìbáà má rọ̀. Ebi ẹran ló ń lé onítọ̀hún ṣáná, kì í ṣe ìkà. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí ẹran gba oúnjẹ lẹ́nu iná, inú òjò ló ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí koríko tó ráyè ga. Inú òjò yìí kan náà sì ni àgbàdo àti iṣu wà lóko. Ẹ ò rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ìjà wa ti ń ṣẹ̀: ìgbà tí koríko dùn ni ohun ọ̀gbìn náà dùn.

Mo mọ̀ pé inú ti ń bí àwọn kan bí wọ́n ṣe ń kà á, wọn ò sì jẹ̀bi. Òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ọdún 2019 kò fàyè gba kí wọ́n máa da ẹran jẹ̀ káàkiri. Àwọn gómìnà gúúsù tún fẹnu kò sí i ní Àsàbà ní oṣù Karùn-ún 2021. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Ìgàngàn, ilé jó ní gàá Fúlàní ní oṣù Kínní. Ní oṣù Kẹfà, àwọn agbébọn wọ ìlú lóru, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sun ààfin. Mi ò ní jókòó sí Oakland kí n máa sọ fún ẹni tó sin òkú pé kó ṣí ọ̀nà fún màlúù tí kò mọ olówó rẹ̀. Ẹran tó wà nínú ọgbà tàbí tó wà lórí okùn ni mò ń sọ, tí a mọ ọjọ́ tó wọlé, tí a mọ ọjọ́ tó máa jáde, tí a sì mọ ẹni tí yóò dáhùn bó bá jẹ ohun tí kò yẹ. Òfin yẹn kò bá irú rẹ̀ jà.

Kí a má sì tan ara wa. Nínú màlúù tó wà ní gàá, ti Yorùbá wà níbẹ̀ dáadáa. Bàbá ìyá mi ní mẹ́ta lọ́wọ́ Fúlàní kan tí wọ́n jọ dàgbà. Ọdún Iléyá nìkan ni àwa ọmọ ilé ń mọ̀ pé a ní màlúù. Bí ó bá jẹ́ pé àwa la ni ín, a lè sọ ibi tí yóò ti jẹ̀ àti ìgbà tí yóò jẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, àwọn àgbà wa kan ń fẹ́ kí màlúù sùn sínú oko nítorí ìgbẹ́ rẹ̀. Àdéhùn ẹnu nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ojú mọ ojú.

Ní Kàtàlóníà, ní orílẹ̀-èdè Spéènì, àwọn darandaran tó ń fi ẹran wọn jẹ inú igbó tí wọ́n ń bẹ̀rù iná rẹ̀ ní àmì kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹran àti wàrà tí wọ́n bá tà. Ramats de Foc ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn Agbo Iná. Ẹni tó ra ẹran náà mọ ohun tó ti ṣe kó tó dé inú ọbẹ̀. Mo rò ó wò pé kí alápatà kan ní ọjà Ìsẹ́yìn kọ ọ́ sára pátákó rẹ̀: "Àgùntàn tó ṣọ́ oko kájú." Èmi á ra níbẹ̀.

Ohun méjì péré ni mo tún fẹ́ kì yín nílọ̀ sí. Ẹran tó bá pẹ́ jù lójú kan á sọ ilẹ̀ di pípá, òjò àkọ́rọ̀ á sì wẹ̀ ẹ́ lọ sínú odò. Níbí, wọn kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ pẹ́ lójú kan, bí ibẹ̀ bá ti mọ́ níwọ̀n, wọ́n á tú àwọ̀n, wọ́n á ká a lọ síwájú. Ẹ má sì torí lẹ́tà mi da ẹran wọ Ọgbà Ẹranko Ìjọba tó wà lápá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Wọn ò gba ẹran ọ̀sìn níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbọ́ pé wọ́n mú ẹnikẹ́ni tó ní ọmọ Ṣakí kan ló kọ̀wé láti òkè-òkun.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fi owó àgùntàn mẹ́fà ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín lánàá. Àgùntàn ni mo sọ o, kì í ṣe ewúrẹ́. Kájú tí Bàbá tún gbìn kò tíì ga, ewúrẹ́ á bó èèpo wọn jẹ. Ẹ má kó wọn sáàárín oko. Ìhà àríwá ni kí ẹ so wọ́n sí, níbi tí pápá ti kan oko, torí ibẹ̀ ni ọyẹ́ ń gbà wọlé. Kí okùn gùn tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Bí koríko tó yí èèkàn ká bá ti lọ sílẹ̀ dé kókósẹ̀, ẹ yí èèkàn síwájú, ẹ má dúró kó di ilẹ̀ pípá. Bàbá á ní òun ni òun ó máa yí i. Ẹ jẹ́ kí Bàbá yí i.

Bó bá di ìdajì oṣù Kọkànlá, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ibẹ̀ fún mi. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ dúró sínú koríko, kí n lè rí ibi tó dé lára rẹ̀. Bó bá ṣì ga ju orúnkún lọ, ẹ pe alágbàṣe kún un. Owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì wà nínú èyí tí mo fi ránṣẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín, ní Oakland.